Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì Kékeré fún Igi Ìdáná: Yíyàn Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Fún ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Igi ìdáná kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ wa. Òun ni àwọn tí ń yan gàrí fi ń dáná, òun ni àwọn tí ń ṣe epo pupa àti àwọn tí ń yan ẹja fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń fi í se oúnjẹ. Láyé àtijọ́, àdá àti àáké ni a fi ń gé e. Nísinsìnyí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ti wọ oko, iṣẹ́ tí ó sì ń gba àáké ní odidi ọjọ́ kan, ayùn yìí lè parí rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gé igi ni ó lè gé ẹsẹ̀, bí ó sì ti ń mú owó wá ni ó lè jẹ owó ẹgbẹ́ run bí ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ kò bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó ń gé igi. Ẹ̀wọ̀n eleyín tí ń yí ká irin gbọọrọ iwájú rẹ̀ ni ó ń gé e, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣéènì. Ẹ̀rọ kékeré tí eyín ṣéènì rẹ̀ mú yóò ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ ńlá tí eyín rẹ̀ ti kú lọ. Kò ní mu epo púpọ̀, kò sì ní dá apá ẹni tí ó gbé e lágara. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì tí kò sì ku kọ́bọ̀ tí yóò fi ra fáìlì, kò tíì ra ayùn.

TA NI Ó YẸ KÍ Ó RÀ Á?

Ẹni tí kò wá ju igi tí a ó fi se oúnjẹ ilé rẹ̀ lọ kò nílò ẹ̀rọ yìí. Àdá mímú, àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ tó o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbin gẹmẹlínà tàbí tíìkì tí ẹ fẹ́ máa tà, bí ẹ bá ń gé kòkó ògbólógbòó kúrò láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tàbí bí ẹgbẹ́ yín bá ní ilé gàrí tí iná kì í kú nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò san owó ara rẹ̀ padà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé igi inú igbó ọba kì í ṣe ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó kí ayùn tó kan igi kankan níbẹ̀.

BÍ Ẹ Ó ṢE YÀN ÁN

Àwọn tí ń gun alùpùpù mọ̀ pé cc ni a fi ń díwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti tóbi tó. Fún igi ìdáná, ẹ̀rọ tí ó wà láàrin 30 cc sí 45 cc tó. Ẹ̀rọ tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn tí ń la pákó nínú igbó, irú Stihl 070, ju 100 cc lọ, ó sì wúwo ju 10 kìlógíráàmù lọ. Iṣẹ́ gẹdú ni a ṣe é fún, kì í ṣe igi ìdáná. Nínú ọjà wa lónìí, ẹ ó tún rí ẹ̀rọ tí a kọ 5200 tàbí 5800 sí lára, èyí tí ó túmọ̀ sí 52 cc tàbí 58 cc. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí ẹ nà án síwájú, kí ẹ sì kà dé 60. Ẹ̀rọ tí ọwọ́ yín bá gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, báwo ni yóò ti rí ní agogo méjì ọ̀sán nínú oko?

Irin gbọọrọ tí ó gùn ní íǹṣì 14 tàbí íǹṣì 16 ni kí ẹ mú. Púpọ̀ nínú igi tí a ń dá ná kò nípọn ju íǹṣì 10 lọ, èyí tí ó bá sì nípọn jù bẹ́ẹ̀, a lè gé e láti apá kan kí a sì yí sí apá kejì. Irin tí ó gùn jù máa ń kan ilẹ̀ àti ẹ̀ka tí ojú yín kò rí, ewu tí ó sì wà nínú èyí, a ó sọ ọ́ níwájú.

Kí ẹ tó san owó, ẹ wo bíréèkì ṣéènì. Èyí ni apata tí ó wà níwájú ibi tí ọwọ́ òsì ń dì mú. Bí ẹ bá tì í síwájú, ṣéènì kò gbọdọ̀ lè yí mọ́ rárá. Bí ẹ bá fà á padà sẹ́yìn, kí ó máa yí fàlàlà. Ẹ̀rọ tí kò ní bíréèkì yìí, tàbí èyí tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, ẹ má rà á, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi í ta yín lọ́rẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ọlọ́jà bí ó bá ní ṣéènì mìíràn tí ó bá a mu, okùn tí a fi ń fà á, asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti irin oníjẹgẹ́jẹgẹ́ tí ń yí ṣéènì. Bí ó bá ní kí ẹ lọ wá a ní ìlú mìíràn, ẹ ronú dáadáa.

Lára irin gbọọrọ náà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta tí a tẹ̀ sí i, bí àpẹẹrẹ 3/8, .050 àti 52. Èkíní ń sọ bí ìṣẹ́po ṣéènì ti jìnnà sí ara wọn tó, ní íǹṣì. Èkejì ni bí ahọ́n abẹ́ ṣéènì tí ń wọ inú ihò irin náà ti nípọn tó. Ẹ̀kẹta ni iye ahọ́n náà. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣéènì tuntun kò ní bá a mu. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹni tí ẹ bá rán lọ sí ọjà má baà máa fi ọwọ́ díwọ̀n.

Ẹ̀rọ tí ń lo bátìrì náà ti dé. Ó dára fún gígé ẹ̀ka ọsàn àti kòkó, kì í sì í pariwo. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, bátìrì tí ó kú láàrin oko ti di ẹrù.

Ọ̀RỌ̀ EPO

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kú. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ bí ti mọ́tò. Inú bẹntiróòlù gan-an ni ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí àwọn irin inú rẹ̀ ha ara wọn ti ń wá. Ẹni tí ó ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fẹ́ oògùn sí kòkó, ti mọ irú rẹ̀. Bí a bá da bẹntiróòlù lásán sí i, yóò kọ́kọ́ dún dáadáa, àní yóò tilẹ̀ dún ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láìpẹ́ yóò dákẹ́, kò sì ní jí mọ́.

Ọ́ìlì tí a kọ 2T sí lára ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Ẹ wo ìwé tí ó bá ẹ̀rọ yín wá. Bí ó bá ní kí ẹ ṣe é ní 50 sí 1, 100 mìlílítà ọ́ìlì ni fún lítà 5 bẹntiróòlù. Bí ó bá ní 25 sí 1, ó di 200 mìlílítà fún lítà 5 kan náà. A kò gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìgò fídà ọmọdé tí ó ní àmì mìlílítà lára yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, bí a bá ti rí i dájú pé kò ní padà sọ́dọ̀ ọmọdé mọ́ láéláé. Ẹ da ìdajì bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ da gbogbo ọ́ìlì sí i, ẹ mì í, kí ẹ tó da ìyókù bẹntiróòlù sí i, kí ẹ sì tún mì í. Ẹ má ṣe é ju èyí tí ẹ lè lò láàrin oṣù kan lọ, nítorí epo tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ a máa bàjẹ́.

A bẹ̀ yín, ẹ má fi epo yìí sínú kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń ra kẹrosíìnì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ara kẹ́ẹ̀gì náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹni tí ó bá bu bẹntiróòlù sínú àtùpà tàbí sítóòfù nítorí pé ó rò pé kẹrosíìnì ni, ilé ni yóò fi dáná.

Ihò epo kejì tí ẹ ó rí lára ẹ̀rọ náà wà fún ọ́ìlì tí ń rin ṣéènì. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń bu bẹntiróòlù, ẹ bu ọ́ìlì yìí náà. Láti mọ̀ bí ó bá ń jáde, ẹ yí ẹ̀rọ náà sí ojú kùkùté tí ó mọ́, láìjẹ́ kí ó kàn án, kí ẹ sì fún un ní epo: ó yẹ kí ẹ rí ìlà ọ́ìlì tín-ín-rín lára igi náà. Bí ẹ kò bá rí i, ihò ọ̀nà ọ́ìlì ti dí. Àwọn kan ń lo ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ kúrò nínú mọ́tò. Ìfowópamọ́ tí ń fa àdánù nìyẹn: ìdọ̀tí irin wà nínú rẹ̀ tí yóò dí ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ̀rọ náà yóò sì máa fọ́n ọn sí yín lára, ohun tí ó lè pa awọ ara lára gidigidi.

EYÍN ṢÉÈNÌ

Ní ọdún 1946, agégi kan tí ń jẹ́ Joseph Cox, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tẹjú mọ́ ìdin kòkòrò kan tí ń jẹ inú igi. Ó rí i pé ẹnu ìdin náà ń gé láti ọ̀tún sí òsì àti láti òsì sí ọ̀tún, igi líle sì ń yọ̀ǹda fún un. Ní 1947 ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣéènì tí ó fi wo ẹnu kòkòrò náà, irú rẹ̀ ni a sì ń lò títí di òní. Bí ẹ bá wo ṣéènì yín, ẹ ó rí i pé eyín kan kọjú sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e kọjú sí òsì. Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan ni òkè kékeré kan wà. Òkè yìí ni ó ń pinnu bí eyín yóò ti bu igi jẹ tó.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé eyín ti kú? Ẹ wo ohun tí ń dà jáde. Bí ó bá rí bí gàrí tí ó lọ́lọ́, ṣéènì mú. Bí ó bá kúnná bí èlùbọ́, ó ti kú. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní láti máa ti ẹ̀rọ náà mọ́ igi, bí èéfín bá ń rú lójú ibi tí ẹ ń gé, tàbí bí ojú ibẹ̀ bá ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀ ni ọ̀tá ṣéènì àkọ́kọ́. Kí ó kan iyanrìn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, iṣẹ́ gbogbo àárọ̀ ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé ìtì igi lé orí igi mìíràn kí ẹ tó gé e, ẹ sì gbá ẹrẹ̀ kúrò lára èyí tí a wọ́ nílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìṣó nínú igi tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà tàbí nítòsí ilé. Ìrókò ní tirẹ̀ a máa ní òkúta funfun líle nínú, tí ojú kò lè rí láti ìta, eruku rẹ̀ sì máa ń yọ imú àti ọ̀fun lẹ́nu, nítorí náà ẹ fi aṣọ bo imú. Okùn ara ọ̀pẹ a máa wé mọ́ ìdí ṣéènì. Ní ti àyìn, tí ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè kú, ẹ gé e nígbà tí ó bá ṣì tútù, kí ẹ sì là á sílẹ̀ kí ó gbẹ. Bí ó bá gbẹ tán kí ẹ tó gé e, yóò jẹ eyín ṣéènì bí irin.

Fáìlì róbótó ni a fi ń pọ́n ọn, kì í ṣe fáìlì àdá. Èyí tí ó bá ṣéènì 3/8 ti ẹ̀rọ kékeré mu fẹ̀ ní mìlímítà 4. Ẹ paná ẹ̀rọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gé ojú kan sí orí kùkùté kí ẹ sì ki irin gbọọrọ bọ̀ ọ́ kí ó má baà mì. Lórí eyín kọ̀ọ̀kan ni a fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó dagun. Ìlà yìí ni kí fáìlì yín máa tẹ̀ lé. Láti inú sí ìta ni a ń ti fáìlì. Bí ẹ bá ń fà á padà, ẹ gbé e kúrò lára eyín, nítorí pé fáìlì kì í gé nígbà tí ó bá ń bọ̀ sẹ́yìn, ṣe ni ó ń bàjẹ́. Ẹ ti fáìlì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lára eyín kọ̀ọ̀kan, kí iye rẹ̀ sì dọ́gba fún gbogbo wọn. Ẹ parí apá kan kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Bí eyín apá ọ̀tún bá gùn ju ti òsì lọ, ayùn yóò máa rìn gbẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú igi. Ẹni tí ó ń fi fáìlì kan eyín náà níwọ̀nba nígbàkúùgbà tí epo bá tán kì í ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe; bí a ti ń pọ́n àdá kí ó tó kú pátápátá náà ni.

Àwọn kan máa ń ha òkè kékeré iwájú eyín kúrò kí ẹ̀rọ lè máa jẹ igi wàrà-wàrà. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ní tòótọ́, bí eyín bá ti kúrú nítorí pípọ́n, ó yẹ kí a rẹ òkè náà sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀: fún ṣéènì 3/8 kékeré, kò gbọdọ̀ relẹ̀ sí ojú eyín ju nǹkan bí mìlímítà 0.65 lọ. Bí ó bá relẹ̀ jù, eyín yóò gbá igi mú lójijì, ẹ̀rọ yóò sì fò. Eyín tí ó bá kù mìlímítà 4 ní gígùn ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo bí ṣéènì ti le tó lára irin. Kí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin gbọọrọ, síbẹ̀ kí ọwọ́ lè fà á yí. Bí ó bá gbóná, yóò gùn, yóò sì rọ̀. Bí ẹ bá fún un ní gbígbóná, ẹ tú u díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí pé bí ó bá tutù yóò súnkì, yóò sì máa fa irin inú ẹ̀rọ.

NÍPA ARA YÍN

Nígbà tí ẹ bá fún ẹ̀rọ ní epo tán, ṣéènì ń sáré tó nǹkan bí mítà 20 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó o.

Ohun tí ó burú jù ni ìtàpá ẹ̀rọ. Bí apá òkè imú irin gbọọrọ bá kan ẹ̀ka tàbí igi mìíràn, ẹ̀rọ náà yóò tàpá sókè sí ojú àti ọrùn ẹni tí ó dì í mú, kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a fi ṣe bíréèkì, nítorí rẹ̀ ni a sì fi ń sọ pé kí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì máa gba abẹ́ ibi ìdìmú, kí ẹ má gbé ẹ̀rọ ga ju èjìká lọ, kí ẹ má sì dúró sí ọ̀kánkán irin náà bí kò ṣe díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ẹ má fi imú ayùn gé igi láéláé.

Ilẹ̀ ni a ti ń jí ẹ̀rọ: bíréèkì ní títì, ọwọ́ òsì lórí ibi ìdìmú iwájú, orí ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú ibi ìdìmú ẹ̀yìn, kí ẹ tó fa okùn. Ẹ kúrò níbi tí ẹ ti bu epo, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ẹ tó jí i. Bàtà tí ó le, ìbọ̀wọ́, awò ojú, ìdí-etí àti ṣòkòtò tí kò fẹ̀ ni aṣọ iṣẹ́ yìí; bí owó ẹgbẹ́ bá tó o, ẹ ra ṣòkòtò agégi tí òwú inú rẹ̀ máa ń há ṣéènì mọ́. Bùbá tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò yẹ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá nìkan lọ gé igi nínú oko.

Ìtì igi tí ó wà nílẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí orí rẹ̀ méjèèjì bá lé nǹkan tí àárín rẹ̀ sì ṣófo, ẹ kọ́kọ́ gé e láti òkè dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ tó parí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí orí kan bá yọ síta láìní ohun tí ó gbé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ẹ sì parí láti òkè. Ẹni tí ó bá ṣe òdìkejì èyí, igi yóò fún ayùn rẹ̀ mọ́ inú. Bí ẹ bá ti gé e sí kéékèèké tán, àáké ni kí ẹ fi là á.

NÍ ÌRỌ̀LẸ́

Ẹ yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a lè fọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó sì gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ fi igi tín-ín-rín wa ìdọ̀tí inú ihò irin gbọọrọ àti ti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí atẹ́gùn ń gbà tù ú. Ẹ máa yí irin gbọọrọ dojú dé, kí apá méjèèjì lè jẹ dọ́gba. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá nítorí òjò, ẹ da epo inú rẹ̀ dà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ jí i títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí epo má baà gbẹ mọ́ inú kabúrétọ̀.

BÍ Ó BÁ JẸ́ TI ẸGBẸ́

Lójú tiwa, ó dára kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ kan ju kí olúkúlùkù ra tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò tí kò sí ẹni tí ń bójú tó o kì í pẹ́. Ẹ yan ẹni méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, tí yóò máa dì í mú nínú oko. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ gé igi, kí ọ̀kan nínú wọn bá a lọ, kí a má fa ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí nìkan ni epo àdàlù gbọdọ̀ ti máa wá.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ ra ṣéènì méjì sí i, fáìlì róbótó mẹ́ta, fáìlì pẹlẹbẹ kan, òṣùwọ̀n òkè eyín, pílọ́ọ̀gì kan àti ọ́ìlì 2T. Ẹ máa lo àwọn ṣéènì náà ní pàṣípààrọ̀. Nígbà tí méjì bá fi tán, irin oníjẹgẹ́jẹgẹ́ tí ń yí wọn náà ti tó pààrọ̀. Kí ìwé kan wà tí a ń kọ ọjọ́, iye epo, ẹni tí ó gé igi àti ìgbà tí a pọ́n eyín sí. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá san fún lílo ẹ̀rọ, ẹ ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ṣéènì àti fáìlì kí ẹ tó pín ìyókù.

Bí ọwọ́ yín kò bá tíì mọ́ fáìlì, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní àgbègbè yín, tàbí agégi tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ẹ gbé ayùn, ṣéènì tí ó ti kú àti fáìlì yín lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kí ó jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pọ́n ọn lójú rẹ̀.